Òbúkọ Ló Tú Àṣírí Imú Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n tètè fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹ̀yin tó bẹ̀rẹ̀. Bọ̀wálé ni orúkọ mi. Mo kàwé lórí oúnjẹ àti wáìnì débi pé àwọn ẹbí mi kò mọ ohun tí wọn yóò máa pe iṣẹ́ mi mọ́. Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ọmọ mi ń bá ìjọba mutí ni." Kì í ṣe ìjọba ni mo ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyókù kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Òkè Fìà, ní Òṣogbo, ni mo wà. À ń fi ìṣápá àti káṣú ṣe wáìnì, ṣùgbọ́n ẹmu ọ̀pẹ inú ìgò ló gbé wa dé ibi tí a dé. Láti Ìbòkun ni ẹmu náà ti ń wá láràárọ̀. A ó sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì tiwa, a ó rọ ọ́ sígò, a ó wá fi omi gbígbóná sè é díẹ̀ kó má baà máa hó lọ. Kí ìgò kan tó jáde, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi imú sí i. Bí mo bá ní kò dára, dídà ni.

Ẹ wá wo ìyangàn! N kì í tọ́ ẹmu wò bí èèyàn gidi. Màá yí ife lẹ́ẹ̀mẹta, màá dijú, màá mí kanlẹ̀, màá wá ní, "Hùn-ún. Ọ̀pẹ etí odò. Wọ́n dá a kí oòrùn tó yọ."

Àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Silas, ọmọ Iléṣà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, á nawọ́ sí mi: "Ẹ wo imú yẹn dáadáa. Imú yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa."

Imú yẹn kú ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá.

Kò ju ọ̀fìnkìn lásán lọ. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan dùbúlẹ̀, ara mi yá, mo dìde. Ní àárọ̀ Sátidé, Tiwalọlá ìyàwó mi gbé ẹ̀wà síwájú mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ṣíbí. Mo ní, "Ìyá Ìníolúwa, ẹ̀wà yìí mà dùn o."

Ó wò mí títí, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Bàbá Ìníolúwa, ẹ̀wà yìí jó kanlẹ̀. Gbogbo ilé ló ń rùn. Àwọn ará òkè ti wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí o. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fẹ́ra, ẹ ò jẹ oúnjẹ mi rí kí ẹ má wá àléébù sí i. Ẹ kàn ń ṣàánú mi ni, àbí?"

Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Ìfẹ́ ni."

Bó ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí, mo sáré wọ ilé ìdáná. Mo ṣí ike irú. Irú o! Irú tó jẹ́ pé bí a bá ṣí i ní yàrá, àlejò tó wà ní pálọ̀ á béèrè omi. Mo ki imú bọ̀ ọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹni ń gbóòórùn òkúta.

Ahọ́n mi ṣì mọ adùn, ó mọ ìkan, ó sì mọ ìkorò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan rèé tí mo fi ọdún mélòó kan kọ́ nílé ìwé gíga: ohun tí ahọ́n mọ̀ kò tó nǹkan, imú ló mọ gbogbo ìyókù. Láìsí imú, èmi àti ọmọ ọwọ́, ẹgbẹ́ ni wá nídìí ẹmu.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro. Kí n lọ bá Ọ̀gá, kí n ní, "Sà, imú mi ti lọ." Ṣùgbọ́n imú yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa. Bí kò bá sí imú, kí ni wọ́n ń fi Bọ̀wálé ṣe? Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á padà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, kò padà.

Ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ mi tó ń jẹ́ Kàósárà, òun ló ń bá mi fọ ìgò ìdánwò tó sì ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ni, kì í fi ọtí kan ẹnu. Mo pè é. Mo ní, "Kàósárà, ó tó àkókò tí màá kọ́ ẹ níṣẹ́ imú."

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í mutí."

"Ta ló ní kí o mu ún? Gbóòórùn ẹ̀ lásán."

Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó ní, "Ó ń ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, sà."

Mo gba ife, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo dijú. Mo ní, "O káre. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni èmi náà gbọ́."

Olè! Olè tó ń jí imú ọmọ ọlọ́mọ lò! Báyìí ni mo ṣe ń jẹun fún oṣù méjì, tí ọmọ náà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ń kọ́ òun níṣẹ́.

Wọ́n wá ń ṣe níkáà, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n Kàósárà, ní Ìkìrun, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gá ní àwọn kẹ́ẹ̀gì wa ti ń jò, kí n lọ ra àlòkù tó dáa wá.

Ọkùnrin tó ń tà á kò tilẹ̀ parọ́ fún mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbóòórùn wọn kí ẹ tó rà á o. Oríṣiríṣi nǹkan ló ti wà nínú wọn."

Èmi! Ẹnì kan ń sọ fún èmi pé kí n gbóòórùn nǹkan! Mo ki orí bọ inú kẹ́ẹ̀gì títí dé etí, mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ó mọ́ bí omi òjò."

Ọkùnrin náà wò mí, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó tún wò mí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì wọ́n mọ́ ọkọ̀ kíákíá kí n má baà yí ọkàn padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹrosíìnì ló wà nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì yẹn tẹ́lẹ̀.

A fọ̀ wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ kẹrosíìnì? Nígbà tí wọ́n ń rọ ẹmu sígò, àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹmu yìí ń ṣe bíi kẹrosíìnì o."

Mo gbé ife, mo ṣe gbogbo eré mi tán. Mo ní, "Jẹnẹrétọ̀ lẹ ń gbóòórùn. Ẹmu yìí ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn." Ta ni yóò bá imú tó ń bọ́ gbogbo èèyàn jiyàn? Wọ́n ń rọ ọ́ lọ.

Ibi tí ẹmu yẹn wá lọ ló burú jù. Ìdána ọmọ àbúrò Ọ̀gá ni, ní Iléṣà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, fóònù Ọ̀gá ti ń ké.

"Silas, ṣé ẹ fẹ́ dáná sun wá ni?" Mo ń gbọ́ ohùn àna Ọ̀gá láti ibi tí mo jókòó sí. "Bàbá àgbà kan mu ife kan péré, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí òun!"

Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. Ó yíjú sí mi. Kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. "Bọ̀wálé, ibo ni kẹrosíìnì ti wọ inú ẹmu mi?"

Mo mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo rántí ojú ọkùnrin oníkẹ́ẹ̀gì yẹn. Bí mo bá ní kẹ́ẹ̀gì ni, wọn á bi mí pé ṣé n kò gbóòórùn wọn ni. Bí mo bá dáhùn ìyẹn, ó parí.

Mo ní, "Ó lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ adẹ́mu, sà."

"Bàbá Nehemiah? Bàbá Nehemiah ti Ìbòkun?"

"Ìwádìí ló máa sọ, sà."

Èmi náà ni mo ṣe ìwádìí náà. Mo kọ ojú ìwé méjì, mo fi gírámà kún un. Ẹni tó ń dá ẹmu fún wa láti ọdún mẹ́fà, tí a kò da ẹmu rẹ̀ nù rí lọ́jọ́ kan, òun ni mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ pé ìmọ́tótó rẹ̀ mẹ́hẹ.

Kàósárà dé láti Ìkìrun, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ nímú. "Ọ̀gá! Àwọn kẹ́ẹ̀gì yìí ni o! Kì í ṣe Bàbá!"

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Kàósárà, ṣé o ṣì fẹ́ iṣẹ́ ẹ?"

Ó wo ilẹ̀. Ó padà sídìí ìgò rẹ̀. N kò lè yangàn fún ohun tí mo ṣe yẹn láéláé.

Ọ̀gá wá ní kí èmi fúnra mi mú lẹ́tà lọ sí Ìbòkun, pé a kò gba ẹmu lọ́wọ́ Bàbá mọ́.

Bàbá Nehemiah ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gun ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á máa kọrin nínú kọ́ọ̀yà ìjọ Áńgílíkà, ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé, ìyàwó rẹ̀, Màmá Phebe, gbé àga fún mi. Mo rí igi ọsàn kan tó ní ibòji dáadáa, mo gbé àga mi lọ síbẹ̀. Wọ́n so òbúkọ ńlá kan mọ́ ìdí igi náà, ó ní irùngbọ̀n bíi ti olóyè. N kò kà á sí.

"Ẹni tó bá wọlé wa, á jẹun kó tó jíṣẹ́," Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé iyán wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mo kàn rí i pé Màmá gbé e kalẹ̀, ó sì sáré padà. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó ń pariwo bá mi sọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Màmá ké láti òkèèrè: "Ọmọ mi, ṣé ibẹ̀ yẹn ò yọ ẹ́ lẹ́nu?"

"Rárá o, Mà. Atẹ́gùn ibí dáa gan-an."

Mo jẹ òkèlè tó kẹ́yìn, mo fọwọ́, mo ka lẹ́tà. Nígbà tí Bàbá fèsì, Ìjẹ̀ṣà tó jinlẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa sọ ọ́ fún yín.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń gun ọ̀pẹ. Mo ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ mi kán, egungun ìhà mi kán. Orúkọ mi ò já bọ́ rí."

Mo ń wo ilẹ̀.

"Ẹlẹ́mu ló ń kọ́kọ́ mu nínú ife kó tó gbé e fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe. Ṣé kẹrosíìnì ni mo wá ń mu láràárọ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ìwádìí ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"Kí lo fi ṣe é?"

Mo na ọrùn díẹ̀. Ìgbéraga kò fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ náà. "Imú mi ni, sà."

Bàbá wò mí. Ó wo òbúkọ. Ó tún wò mí. "Imú ẹ," ó ní. "Ó dáa. Máa lọ."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo Ìbòkun ti gbọ́. Dẹ́rẹ́bà wa ló sọ ọ́ níbi tó ti ń jẹun. Àwọn tó ń mu ẹmu Bàbá nírọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ ra tẹlòmíràn. Nínú kọ́ọ̀yà, ẹnì kan bi í bóyá kí wọ́n gbé àbẹ́là jìnnà sí i. Wọ́n ní Bàbá kò lọ sí ìdánrawò orin mọ́. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo ń lọ sí ibi iṣẹ́, mo ń yí ife lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ajé kan, a wà ní ìpàdé, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Nehemiah ni. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó gbé gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ àti ife mẹ́ta.

Ọ̀gá dìde. "Bàbá, ẹ jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Ní tiwa, ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ẹmu, á mu ún lójú ẹni tó dá a. Kí ọmọ yín tọ́ eléyìí wò, kó sọ ohun tí imú rẹ̀ gbọ́. Bó bá gbà á, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Ó bù ú sí ife. Ó funfun, ó ń yọ ìfóófòó díẹ̀. Gbogbo ojú ló wà lára mi. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dijú. Mo mí kanlẹ̀. Mo fi díẹ̀ kan ahọ́n: adùn wà níbẹ̀, ìkan náà sì wà níbẹ̀. Ẹmu ni! Ọkàn mi balẹ̀.

Mo ní, "Hùn-ún. Ọ̀pẹ etí odò. Ẹmu àárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìkan díẹ̀ ni." Mo tún wá fi èyí tó burú jù lé e: "Mi ò gbọ́ kẹrosíìnì nínú eléyìí. Bàbá ti tún ọwọ́ ṣe."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kàósárà bo ẹnu. Ọ̀gá gba ife lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì yí orí padà.

"Omikan!" ó ní. "Bọ̀wálé, omikan ògì nìyí!"

"Màmá Phebe sẹ́ ògì rẹ̀ láàárọ̀ yìí," Bàbá ló fèsì. "Èmi ni mo fi ṣúgà hóró mẹ́rin sí i."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ etí odò! Ẹnì kan di tábìlì mú kó má baà ṣubú. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Silas, mo ní òbúkọ kan nílé. Àlejò kan ò jókòó sítòsí rẹ̀ rí. Ọmọ yìí gbé àga lọ bá a, ó jẹ iyán tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dáa. Mo wá bi ara mi pé, imú wo ló fi gbọ́ kẹrosíìnì mi?"

Ẹ̀rín gbẹ.

"Láti ìgbà wo, Bọ̀wálé?" Ọ̀gá ló béèrè.

"Oṣù kẹjọ, sà."

Kàósárà ti jáde. Ó padà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan, ó gbé e sórí tábìlì níwájú Ọ̀gá, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Òórùn kẹrosíìnì gba yàrá.

Ọ̀gá ní kí n lọ kó ẹrù mi. Mo ti dìde nígbà tí Bàbá ní, "Rárá. Bí ẹ bá lé e lọ, ta ni yóò sọ fún Ìbòkun? Ẹnu tó bà mí jẹ́ ni mo fẹ́ kó tún mi ṣe."

Ẹ wò mí ní ọjọ́ Ìsinmi, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá, lẹ́yìn ìsìn. Mo sọ ọ́. Imú, kẹ́ẹ̀gì, lẹ́tà, òbúkọ, omikan, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Nírọ̀lẹ́, mo tún sọ ọ́ níbi tí àwọn adẹ́mu ti ń tajà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ Ìbòkun, àwọn ọmọdé á máa ké pé, "Dókítà Omikan!" Èmi náà á juwọ́ sí wọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Tiwalọlá kò pariwo. Ó kàn ní, "Nítorí náà, ẹ̀wà yẹn ò dùn. Ìfẹ́ kọ́." Ó ti dárí kẹrosíìnì jì mí. Kò tíì dárí ẹ̀wà jì mí.

Kàósárà ló wà lórí àga mi báyìí. Bó bá ní kò dára, dídà ni. Èmi ló ń fọ ìgò ìdánwò, mo sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ fún un. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń lọ gbé kẹ́ẹ̀gì fún Bàbá ní Ìbòkun. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Oṣù kejì ọdún yìí, mo ń gba ìdí igi ọsàn yẹn kọjá, ni nǹkan kan bá gbá mi nímú bí ìgbájú. Mo dúró. Mo mí kanlẹ̀. Mo pariwo, "Bàbá! Òbúkọ yín ń rùn!"

"Kí lo fẹ́ kó máa ṣe?" Bàbá ló dáhùn láti inú ilé.

Mo di òbúkọ náà mọ́ra, mo ń sunkún. Màmá Phebe rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá jáde, ó wò mí, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú kọ́ọ̀yà ti yà wá mu ẹmu. Ó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀, òun ló tilẹ̀ rẹ́rìn-ín jù. Bàbá bu ẹmu, ó kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe, ó gbé ife fún un. Ọkùnrin náà gbà á. Kó tó gbé e dé ẹnu, ó fi imú kàn án, fìrí báyìí, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mu ún.

Bàbá rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ dì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tú.

Ogún ọdún ni ọkùnrin yẹn ti ń mu ẹmu Bàbá Nehemiah. Kò gbóòórùn ife rẹ̀ rí kí èmi tó kọ ojú ìwé méjì yẹn.